Ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo: Bí Ẹ Ṣe Lè Lò Ó Láti Alẹ́ Àtùpà Títí Di Ọjọ́ Arugbá

Lọ́dọọdún, tí oṣù Keje bá ti ń lọ sópin, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí: "Ọjọ́ wo ni Ọ̀ṣun bọ́ sí lọ́dún yìí?" Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè, ìyẹn ọjọ́ Ẹtì tí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, máa gbé igbá náà lọ sí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n á gbéra ní ìdájí, wọ́n á há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní ẹnu ìlú, wọ́n á rí ìpàkọ́ èèyàn àti agboòrùn, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti padà sójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á ní àwọn ti rí Ọ̀ṣun Òṣogbo.

Ó máa ń dùn mí. Ọmọ Òṣogbo ni mí, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ìdérí ọdún. Ohun tó wà nínú igbá ti ń ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ púpọ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó bá lè yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ méjì nínú ìsinmi rẹ̀. Ẹ wọ ìlú ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa tan àtùpà, kí ẹ sì dúró di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá rí àyè tó bẹ́ẹ̀, kó mú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má fi alẹ́ àtùpà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ọjọ́ kí ẹ tó san owó kankan

Ọdún Ọ̀ṣun kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún. Ààfin Àtàọ́ja, ọba Òṣogbo, ló ń kéde rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àmọ́ bí ètò náà ṣe ń tò tẹ̀ léra kì í sábà yí padà. Ìwọ́pópó ló ṣáájú, ọjọ́ Ajé ló máa ń bọ́ sí: ọba, àwọn ìjòyè àti ará ìlú á rìn gba ojú pópó láti fọ ìlú mọ́ de ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á tan Àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ Ajé tó tún tẹ̀ lé e ni Ìbọríadé. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, tó sábà máa ń wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdajì oṣù Kẹjọ, ni gbogbo ìlú á lọ sí odò.

Tí ẹ bá ti gbọ́ ọjọ́ Ẹtì ńlá náà, ẹ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ọjọ́ tí ẹ máa wọ ìlú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ibi tí ẹ máa sùn

Ẹ wá yàrá ní oṣù Kẹfà, ó pẹ́ tán, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Òkè-Fìà, Ògo Olúwa àti ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán ni ọ̀pọ̀ ilé ìtura wà. Ní ọdún kan, mo bá ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù san ìdajì owó yàrá sílẹ̀. Nígbà tí a gbé ẹrù dé, wọ́n ní ẹnì kan ti san owó tó ju tiwa lọ, wọ́n sì ti fún un ní kọ́kọ́rọ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni, àwọn ọmọ ti sùn lọ nínú mọ́tò. Láti ọjọ́ náà, gbogbo owó ni mo máa ń san pé, mo máa ń gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ sí, mo sì máa ń pè wọ́n ní ọjọ́ méjì kí a tó dé kí n lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé yàrá ṣì ń dúró dè wá.

Tí Òṣogbo bá ti kún, Ẹdẹ, Ìlobù àti Ìkìrun ò jìnnà, ẹ lè máa lọ kí ẹ sì máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣètò láti sun inú Òṣogbo gan-an ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì ńlá, torí tí ilẹ̀ bá mọ́, mọ́tò ò ní ráyè wọlé. Ẹni tó bá sì ní ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ nínú ìlú, kó má tijú láti bẹ̀ wọ́n. Àlejò ọdún kì í pọ̀ jù ní ilé wa. Ẹní á tẹ́, oúnjẹ á wà. Ẹ kàn rántí mú nǹkan dání wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ojú ọ̀nà

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó lè wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ tààrà, ó sì lè wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kó sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́níyà, kó wá gba ibẹ̀ lọ sí gáréèjì Ìwó Road. Láti Ìbàdàn, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan gba Ìwó kọjá, èkejì gba Ìkirè, Gbọ̀ngán, Akọ̀dá àti Ẹdẹ. Ẹ bi àwọn awakọ̀ léèrè èwo ló dára lọ́jọ́ náà, torí òjò máa ń ba ojú ọ̀nà jẹ́. Ọ̀sán ni kí ẹ rìn. Ẹ má jẹ́ kí alẹ́ bá yín lójú ọ̀nà nítorí pé ẹ fẹ́ lo ọjọ́ iṣẹ́ tán.

Nínú ìlú, táksí àti ọ̀kadà ló ń gbé èèyàn káàkiri. Ẹ mú owó kéékèèké dání, ẹ sì fi orúkọ mẹ́rin sọ́kàn, ẹ ò ní sọnù: Ọláìyá, tó jẹ́ oríta ńlá, Òkè-Fìà, Ọjà Ọba, tí ààfin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ọ̀nà Ọ̀ṣun, tó lọ sí igbó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun tí ẹ máa kó sínú àpò

Oṣù Kẹjọ ni òjò máa ń dẹwọ́ díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í lọ pátápátá, afẹ́fẹ́ alẹ́ sì máa ń tutù. Ẹ mú aṣọ òjò, aṣọ tó nípọn díẹ̀ fún alẹ́ àtùpà, àti aṣọ funfun kan ó kéré tán fún ọjọ́ Ẹtì. Kì í ṣe dandan kí ẹ wọ funfun, ṣùgbọ́n àwọ̀ àwọn olórìṣà ni, ó sì yẹ ọjọ́ náà. Bàtà tó ṣeé bọ́ kíákíá ni kí ẹ wọ̀, torí pé níbi púpọ̀ nínú igbó, ẹsẹ̀ lásán ni èèyàn fi ń dé ojúbọ.

Tí ẹ bá ń mú ọmọdé bọ̀, ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá wọn lábẹ́ aṣọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, èrò á pọ̀ débi pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á máa lọ á máa bọ̀, ẹ̀rọ POS ò sì ní jẹ́ iṣẹ́. Ọjọ́ Ọjọ́rú ni kí ẹ ti gba owó tí ẹ máa ná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Alẹ́ àtùpà

Ibí ni mo ti ń bẹ̀ yín gan-an. Ẹ sinmi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹ jẹun dáadáa, kí ẹ sì ti wà nínú àgbàlá ààfin kí ilẹ̀ tó ṣú. Àtùpà onírin gíga ló wà níbẹ̀, ojú mẹ́rìndínlógún ló ní, wọ́n á fi òwú àti epo sí ojú kọ̀ọ̀kan. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, wọ́n á tàn án, á sì máa jó títí di ìdájí.

Ẹni tó bá dé tó rí iná tó ń jó, tó ya fọ́tò, tó lọ, kò tíì rí nǹkan kan. Ohun tí èèyàn ń dúró dè ni ìgbà tí ọba máa jáde. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi máa mọ́, Àtàọ́ja, àwọn olorì, àwọn ìjòyè, àwọn olólọ́ṣun àti àwọn babaláwo á jáde wá jó yí àtùpà náà ká, wọ́n á sì padà wọlé. Láàárín ìjáde kan sí èkejì, àgbàlá á rọlẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ má lọ. Ìgbà yẹn ni àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ orin láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n kọ ọ́, ọ̀kan á dá, àwọn tó kù á gbè é. Ìgbà yẹn ni àgbàlagbà tó jókòó tì yín á sọ fún yín irú ilé tó ti wá àti ohun tí Ọ̀ṣun ṣe fún ìyá rẹ̀. Kò sí pèpéle, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń pariwo. Ẹ̀yin àti ọba kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Nínú gbogbo ọdún Ọ̀ṣun, kò sí ibi tí mo fẹ́ràn tó ibẹ̀ yẹn.

Tó bá rẹ̀ yín, ẹ dúró de ìjáde méjì ó kéré tán. Ẹ kí àwọn tí ẹ bá bá níbẹ̀: "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún." Ẹni tó bá jẹ́ babaláwo, "Àbọrú, àbọyè" ni kíkí rẹ̀. Àwọn ìyá olólọ́ṣun, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, bí ẹ ṣe máa kí ìyá tó bí yín. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbé fóònù sókè sí ojú ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Igbó Ọ̀ṣun, kí èrò tó dé

Ẹ sùn títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì kìíní, kí ẹ wá lọ sí igbó lọ́sàn-án. Tí ẹ bá dúró di ọjọ́ Ẹtì kejì kí ẹ tó wọ igbó yìí, èrò nìkan lẹ máa rí. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ gba amọ̀nà kan láti ibẹ̀, kí ẹ sì fún ara yín ní wákàtí mẹ́ta.

Hẹ́kítà 75 ni igbó náà. Ní 1965 ìjọba àpapọ̀ kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní 2005 UNESCO fi sínú àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Kó tó di pé ó gba orúkọ wọ̀nyẹn, ó kù díẹ̀ kó run. Wọ́n ti ń gé igi rẹ̀, wọ́n ń dọdẹ nínú rẹ̀, àwọn ojúbọ ń wó. Obìnrin kan láti Austria, Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní ìlú Graz ní 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, ló bá àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú dúró pé kò ní run. Àdùnní Olórìṣà là ń pè é. Ìyá náà ò padà lọ gbé ní ìlú rẹ̀ mọ́; Òṣogbo ló kú sí ní oṣù Kìíní 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Nígbà tí amọ̀nà bá ń sọ pé "Àdùnní ló ṣe èyí, Àdùnní ló ṣe ìyẹn", ẹ bi í léèrè orúkọ àwọn tó kù. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ọ̀gá nínú fífi sìmẹ́ńtì ṣe ère àti ògiri. Buraimoh Gbádàmọ́sí ló gbẹ́ òkúta. Sàká náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ wọn ló wà lára ohun tí ẹ ń wò, kò sì tọ́ kí orúkọ wọn sọnù lẹ́nu wa.

Ẹ má sáré. Ẹ wo ère Ìyá Màpó bó ṣe ga tó láàárín igi. Ẹ dé orí afárá àsokọ́ tó wà lórí odò, kí ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìsọ̀rọ̀. Ẹ máa rí ọ̀bọ lórí igi. Ẹ di àpò yín mú, ẹ má sì fún wọn ní bisikíìtì. Ẹja inú odò yìí, ẹnì kan kì í pa á. Igi inú rẹ̀, ẹnì kan kì í gé e. Ẹ má já ewé kankan, bó ti wù kó dára tó lójú yín.

Ní etí odò ni ẹ máa gbọ́ ìtàn ìlú, ibẹ̀ ló sì ti dùn ún gbọ́ jù. Làróòyè àti ọdẹ kan tó ń jẹ́ Tìmẹ́hìn ni wọ́n kó àwọn èèyàn wọn wá láti Ìpólé, wọ́n ń wá omi. Nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó, igi kan wó sínú odò, ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ omi pé, "Ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi." Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa orúkọ Òṣogbo yọ. Wọ́n bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú: òun á dáàbò bò wọ́n, àwọn náà á máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Ẹja ńlá kan jáde láti inú omi, Làróòyè tẹ́wọ́ gbà á, ó sì di A-tẹ́wọ́-gba-ẹja, Àtàọ́ja. Ẹ fi ìkòkò aró yẹn sọ́kàn, torí a máa tó padà bá a.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìlú aró

"Òṣogbo Oròkí, ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun." Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ fi wá aró náà rí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé Àdùnní ní ọ̀nà Ìbòkun. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil dé kọ́ wa láti máa kọ́, ère kún ara rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ibùdó iṣẹ́ ọnà tí Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè jókòó kọ́ ọ fún wákàtí méjì, kí ẹ sì ṣe aṣọ kékeré kan fúnra yín. Owó tí ẹ máa san fún un sàn ju owó ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ máa rà lójú ọ̀nà lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ ra àdìrẹ, bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Mo máa ń yí ẹ̀yìn aṣọ síta: èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, iwájú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá. Mo máa ń wá àṣìṣe: ìlà tí ìyẹ́ adìyẹ fà fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í tọ́ tán, ibì kan á nípọn ju ibì kan lọ. Àdìrẹ oníko, ẹ fi ọwọ́ pa á, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti so ó, aṣọ náà á ṣì hunjọ díẹ̀. Mo sì máa ń gbóòórùn rẹ̀, torí aró tí wọ́n fi ewé èlú ṣe ní òórùn tirẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Ẹ bèèrè orúkọ bátànì náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó ṣe é á mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ dá a fọ̀, ẹ sá a sí ibòji.

Lọ́sàn-án, ẹ lọ wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí Mbari Mbayo, ibùdó iṣẹ́ ọnà àti eré, ní Òṣogbo. Èdè Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú gbọ́ ọ sí "M bá rí, m bá yọ̀", ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Láti inú ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti Rufus Ogundele ti jáde, tí orúkọ wọn sì tàn dé òkè òkun. Àwọn ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ṣì wà káàkiri ìlú. Ẹ wọlé, ẹ kí wọn, ẹ wò. Kò sí ẹni tó máa fipá mú yín rà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọjọ́ Àìkú dé Ọjọ́rú

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò níbí. Ọjọ́ Àìkú, ẹ jáde kúrò ní ìlú. Ilé-Ifẹ̀ wà nítòsí fún ẹni tó bá fẹ́ wo Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Ẹni tó bá mú àwọn ọmọ dání, ìsun omi Olúmirin ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà ni kó lọ. Ìpele méje ni, ṣùgbọ́n òkúta máa ń yọ̀ nígbà òjò, ẹ má kọjá ìpele kejì pẹ̀lú ọmọ kékeré.

Ọjọ́ Ajé ni Ìbọríadé, tí wọ́n máa kó adé àwọn Àtàọ́ja tó ti wàjà jọ, tí wọ́n á wúre sí i. Ẹ tètè dé ààfin, ẹ dákẹ́, ẹ wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ẹ rìn nínú ọjà, ẹ jẹ iyán àti àmàlà, ẹ sinmi. Ọjọ́ wọ̀nyí ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn àlejò láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè lọ́rùn. Oxum ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣun ní Brazil, Ochún ni wọ́n ń pè é ní Cuba. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ti rí ìyá kan láti Bahia tó kọrin Ọ̀ṣun ní ìwájú ààfin. Ìyá olólọ́ṣun kan ní Òṣogbo gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì parí rẹ̀. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú orin náà kò ṣàjèjì sí èyíkéyìí nínú wọn. Omi bọ́ lójú mi.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ọjọ́ Arugbá

Ẹ jí ní aago márùn-ún. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, ẹ mu omi, ẹ mú omi dání. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ nílé, torí wọ́n á ti ojú ọ̀nà pa, ẹsẹ̀ ló sì máa gbé yín lọ gbé yín bọ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yàn: ẹ fẹ́ wà ní etí odò tàbí ẹ fẹ́ wà ní ojú ọ̀nà? Ẹ ò lè rí méjèèjì dáadáa. Ẹni tó bá lọ sí etí odò láàárọ̀ á rí ibi dúró, ṣùgbọ́n á dúró fún wákàtí púpọ̀, èrò á sì há a mọ́. Ojú ọ̀nà ni èmi máa ń yàn, ní ibi tí kò jìnnà sí ààfin, kí n lè rí Arugbá nígbà tó bá jáde, kí n sì tẹ̀ lé èrò lọ sí igbó. Tí ẹ bá ní ọmọdé tàbí àgbàlagbà lọ́wọ́, ojú ọ̀nà náà ni kí ẹ wà, kí ẹ fara ti ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ bẹ onílé.

Wúńdíá láti ìdílé ọba ni Arugbá. Aṣọ á bo igbá tó wà lórí rẹ̀, àwọn olólọ́ṣun á yí i ká, dùndún àti bàtá á máa sọ̀rọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọ. Gbogbo ìlú ló ń bá a ṣọ́ ẹsẹ̀ náà, àdúrà á sì máa tú jáde lẹ́nu àwọn èèyàn bó ṣe ń kọjá: ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ ò dá. Tí ẹ bá gbọ́ "Ore Yèyé o!", ẹ dá a padà. Ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ má na fóònù sí i lójú, ẹ má sì tì í láti ẹ̀yìn nítorí fọ́tò. Ọmọ kan ló gbé ẹrù gbogbo ìlú yẹn sórí.

Ní etí odò, Àtàọ́ja á jókòó, wọ́n á gbé ẹbọ fún Ọ̀ṣun, ọba á sì wúre fún ìlú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn èèyàn máa rọ́ lọ sí omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti ìgò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má mu omi yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé a máa ń mu ún, ìyá mi máa ń bù ú wálé. Omi Ọ̀ṣun ti yí padà láti ọdún mélòó kan. Èkìtì ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ ti ń da ẹrẹ̀ àti oró sínú àwọn odò tó ń wọ inú rẹ̀. Àwọ̀ amọ̀ ló ní báyìí. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu ún. Oró inú omi kì í ṣe ohun tí ojú ń rí, sísè kì í sì í mú irú rẹ̀ kúrò. Ẹ dúró létí omi, ẹ gbàdúrà, ẹ sọ ohun tó wà lọ́kàn yín fún Yèyé. Ẹ má fún ọmọ yín mu. Nígbà tí ẹ bá délé, tí wọ́n bá bi yín ní bí ọdún ṣe rí, ẹ sọ ti àwọ̀ omi náà fún wọn pẹ̀lú, kí àwọn tó lè dá àwọn awagóòlù dúró máa gbọ́ ọ lẹ́nu púpọ̀.

Ẹlòmíràn á sún mọ́ yín létí odò, á ní òun rí nǹkan nípa yín, á sì máa bèèrè owó. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun ní tòótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó bá pàdé ní alẹ́ àtùpà ni kó padà sí.

Ẹ ṣètò ibi tí ẹ máa pàdé bí ẹ bá sọnù síra yín, kí ẹ yàn án kí ẹ tó jáde nílé, kó sì jẹ́ ibi tó jìnnà díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà igbó. Ẹ má bá àwọn tó kọ́kọ́ ń jáde sáré. Ẹ jókòó díẹ̀ lábẹ́ igi títí ojú ọ̀nà á fi fúyẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìpadàbọ̀

Ẹ má sáré kúrò ní ìlú ní alẹ́ Ẹtì. Ó ti rẹ àwọn awakọ̀ bí ó ṣe rẹ ẹ̀yin náà. Ẹ sùn, kí ẹ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Gbọ̀ngán padà sí Ìbàdàn, ẹ máa kọjá ní Ìkirè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta dòdò Ìkirè lójú ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà, tí wọ́n gún pẹ̀lú ata, tí wọ́n wá dín títí ó fi dúdú. Ẹ wá èyí tó ṣì gbóná. Ẹ ra ti àwọn ará ilé pẹ̀lú, torí èyí tí ẹ bá rà fún ara yín nìkan kò ní dé Ìbàdàn.